Ojú Ọ̀run Tó Rọ ní Wetherlow

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé láti Màláwì ni Doreen Gratton ti pinnu pé ojú yóò ti Duncan Fearn, yóò sì tì í níbi tí kò ti ní rí ẹnu wí. Kò fi lẹ́tà náà han ẹnikẹ́ni. Ó kà á lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, ó tún un kà, ó tì í bọ àpò ẹ́púrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì jáde lọ fún àwọn adìyẹ rẹ̀ lóúnjẹ, nítorí adìyẹ kò mọ̀ pé inú ń bí ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Esnart ló kọ lẹ́tà náà. Esnart ni alábòójútó Ilé Mwayi, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ti jẹ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Doreen ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gbé ọmọ kan tó ń jẹ́ Chisomo lé ẹsẹ̀, ọmọ náà fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó sì fi ẹ̀pà lílọ̀ bọ́ ọ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ. Abúlé Wetherlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ran ilé náà lọ́wọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n ohun tí abúlé ń fi ránṣẹ́ kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Ìjọba Ìlú Ọba gan-an ló ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀hún kaná. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni ìjọba gé owó ìrànwọ́ òkè òkun, wọ́n ní ilé làá wò kí a tó wo ìta. Ilé Mwayi bá ti ilẹ̀kùn. Esnart kọ ọ́ pé ìyá Chisomo pọn àbúrò rẹ̀, Tadala, ó fi ẹsẹ̀ rìn ọjọ́ méjì gbáko, ó sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Oṣù mẹ́rìnlá ni Tadala. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kú sí lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà lọ.

Kí wá ni ti Duncan Fearn níbẹ̀? Duncan ni aṣòfin wọn. Ọmọ Wetherlow ni. Mavis ìyá rẹ̀ àti Doreen jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà ni. Nígbà tí Duncan ń wá ìbò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, inú ilé ìdáná Doreen ló jókòó sí, tó ń jẹ kéèkì rẹ̀, tó wá ní, "Àǹtí Doreen, tó bá ti di ọ̀rọ̀ gígé oúnjẹ àwọn ọmọ yẹn, ọwọ́ mi ò ní sí níbẹ̀ láé." Doreen gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó gbé e kiri ojúlé sí ojúlé nínú òjò oṣù kọkànlá. Ó ní, "Ẹ dìbò fún Duncan. Èmi ni mo dúró fún un." Àwọn ènìyàn dìbò fún un nítorí ẹnu Doreen. Ní ilé ìgbìmọ̀ wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò: ẹni tó gbà yóò gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ẹni tó kọ̀ yóò gba òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n dìbò gígé yẹn, Duncan bá àwọn tó gbà rìn. Wọ́n sì fún un ní ipò kékeré kan nínú ìjọba lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbò kejì lórí òfin gígé owó náà ń bọ̀ lóṣù keje, lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe kànga lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ará Wetherlow kò jókòó lásán. Wọ́n ti kọ irínwó lẹ́tà. Wọ́n ti gbé àsíá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dúró síwájú ilé ìgbìmọ̀ títí òjò fi fọ ọ̀rọ̀ ara àsíá nù. Àlùfáà Philippa, obìnrin jẹ́jẹ́, ló ń ṣáájú wọn. Ní ìpàdé, ó ní ọ̀wọ̀ ni kí àwọn fi bá Duncan lò.

"A ó pè é wá ṣí kànga. A ó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Oyin la fi ń mú eṣinṣin, ẹ̀yin ará."

"Kí lẹ fẹ́ fi eṣinṣin ṣe tẹ́ ẹ bá mú un tán?" ni Doreen bi í.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlùfáà náà rẹ́rìn-ín. Doreen ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe kànga náà, orísun omi abúlé, lọ́ṣọ̀ọ́, bí àwọn baba wọn ti ń ṣe é láti dúpẹ́ pé omi kò gbẹ. Wọ́n á rẹ pákó ńlá sínú adágún, wọ́n á gún amọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un, wọ́n á sì rẹ́ ẹ lé pákó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi èso igi dúdú, hóró ewébẹ̀ kan tó ń jẹ́ rúbábù àti irun àgùntàn fa ìlà àwòrán. Awẹ́ òdòdó ló ń kẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń to awẹ́ òdòdó lọ sókè, ọ̀kan lé ọ̀kan lórí bíi páànù òrùlé, kí òjò lè máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni Doreen ti ń ya àwòrán ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rí i kó tó mú ìwé rẹ̀ jáde. Lọ́dún yìí Àlùfáà Philippa sọ pé Jésù àti àwọn ọmọdé ni kó yà. Doreen ya Jésù. Ó ya àwọn ọmọdé. Ó wá fi òfìfo ńlá sílẹ̀ lókè orí wọn fún ojú ọ̀run.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, Doreen dá kúnlẹ̀ ti pákó náà nínú abà àgbẹ̀ Twigg, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó mú hóró rúbábù, ó sì fi kọ̀wé sórí amọ̀ ojú ọ̀run. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: ỌWỌ́ MI Ò NÍ SÍ NÍBẸ̀ LÁÉ — DUNCAN FEARN. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ: TADALA, OṢÙ MẸ́RÌNLÁ. Ó fi aṣọ tútù bò ó. Ó wá lọ mú Mavis wá, ó fún un ní agbọ̀n òdòdó, ó ní ojú ọ̀run ni ìpín tirẹ̀ lọ́dún yìí.

Ṣé ẹ rí i, ìyẹn gan-an ni oró inú rẹ̀. Doreen lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ojú ọ̀run náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ìyá Duncan.

Mavis jókòó, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó bojú wo agbọ̀n.

"Pẹ́pẹ́yẹ mi," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn lágbègbè wọn, "kí ni òdòdó delifíníọ̀mù ń wá lójú ọ̀run? Haidirénjà la máa ń lò."

"Haidirénjà ọdún yìí ò dáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn mọ́ mi nínú ilé. Delifíníọ̀mù kì í pé ọjọ́ mẹ́ta kó tó rọ, ìwọ náà mọ̀."

"Ṣáà máa tò ó, Mavis. Ẹnu rẹ ti ń yára ju ọwọ́ rẹ lọ láti ilé ìwé."

Mavis ṣí aṣọ tútù náà. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìka ló fi ń ríran lórí amọ̀. Ìka náà kan hóró. Ó tẹ̀ lé e. Ó lọ dé òpin ìlà kìíní, ó padà, ó tún lọ. Doreen ń wò ó, ó sì ń retí pé kó pariwo, kó dìde, kó pe Àlùfáà.

"Ta ni Tadala?" ni Mavis bi í.

Doreen fa lẹ́tà yọ nínú àpò. Mavis gbé e súnmọ́ imú, ó kà á díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó ká a bó ṣe wà, ó sì dá a padà.

"Nígbà tí Duncan wà lọ́mọ ọdún méje, ó jí tòmátì ọkọ rẹ. Kí ni mo ṣe?"

"O fà á létí láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo àdúgbò ń wòran."

"Ta ló wá sọ fún ẹ pé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fa etí?" Ó mú awẹ́ òdòdó kan, ó tẹ etí awẹ́ náà mọ́ amọ̀. "Àmọ́ o ò sọ fún mi. O gbé mi jókòó síbí kí n fi ọwọ́ ara mi bo ìtìjú ọmọ mi, kó o lè máa wo ojú mi lọ́jọ́ tó bá ṣí. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Doreen wo ilẹ̀. "Kì í ṣe irọ́."

"O burú, Doreen."

"Mo mọ̀."

"O burú gan-an. Gbé àwọn tó fẹ̀ yẹn súnmọ́ mi. Àwọn kékeré yìí ò bo 'láé' tán."

Bí àwọn méjèèjì ṣe to ojú ọ̀run nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá wò ó, wọ́n ní ojú ọ̀run Wetherlow kò tíì mọ́ tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn afunfèrè jáde, àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin, Duncan sì dé nínú kóòtù tó ń dán bí dígí. Ó sọ̀rọ̀ nípa abúlé rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ó fa aṣọ kúrò lójú pákó. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwájú ojú ọ̀run, ó rẹ́rìn-ín títí eyín ìsàlẹ̀ fi hàn.

"Àǹtí Doreen, iṣẹ́ yín yìí ò láfiwé."

"Má tíì yìn ín," ni Doreen wí. "O ò tíì rí i tán."

Lẹ́yìn tíì, Àlùfáà Philippa fa Doreen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń tàn. "Mo ti bá a sọ ọ̀rọ̀ ìbò Ọjọ́rú. Ó ní òun ń rò ó. Ó ṣeé ṣe kó má lọ rárá, kó jókòó sílé."

"Ọmọ wo ló ń jẹ ìjókòósílé?"

"Doreen, ó sàn ju kó bá wọn rìn lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, ká má dẹ́rù bà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Doreen lára ju bó ṣe fẹ́ lọ. Bí ojú ọ̀run náà bá ṣí, tí inú bá bí Duncan, tó bá wọn rìn nítorí ìbínú ńkọ́? Oúnjẹ àwọn ọmọ ló ń fi ta tẹ́tẹ́ yìí. Ní àràárọ̀ Doreen ló máa ń fi omi wọ́n pákó náà kí òdòdó má bàa rọ. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ó gbé ike omi dé ibẹ̀, ó dúró. Bó bá ń wọ́n ọn dáadáa, ojú ọ̀run á dúró di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ìbò á ti kọjá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó rántí ilẹ̀kùn títì. Ó da omi ọ̀hún sẹ́sẹ̀ igi.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní ète tirẹ̀: òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn àgbẹ̀ ń dúpẹ́. Doreen dúró lójú fèrèsé, ó ń ṣépè fún òjò. Òdòdó tutù yọ̀yọ̀.

"Ìwọ lo ní ká tò ó kí òjò má ráyè wọ̀ ọ́," ni Mavis wí lórí fóònù. "Mo sì tò ó dáadáa. Má bínú."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn là, oòrùn tó ń ta ènìyàn lójú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, etí awẹ́ òdòdó ti ń ká. Nígbà tó di aago méjìlá, ojú ọ̀run ti rọ wálẹ̀ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́ tó gbẹ, hóró rúbábù sì yọ sójú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù sókè, gbogbo wọn.

Àlùfáà Philippa sáré dé. "Doreen, kí lẹ ṣe yìí? Ọkùnrin yẹn ń rò ó."

"Kó yára rò ó."

Aago márùn-ún ò tíì lù tí mọ́tò Duncan fi dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá Doreen ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga àkámọ́ra pẹ̀lú fíláàsì tíì. Àwọn ènìyàn yí wọn ká, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé òdòdó ni wọ́n ń wò.

"Ìyáàfin Gratton," ó ní. Àǹtí ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbé e kúrò."

"A kì í gbé e kúrò kí ọjọ́ méje tó pé. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ibí ni ẹ́."

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́ nítorí ìbò kan ṣoṣo."

"Ayé rẹ ò bàjẹ́. O ṣì máa jẹun alẹ́ lónìí."

"Mo ti fẹ́ jókòó sílé lọ́la, mo sọ fún Àlùfáà. Báyìí, tí mo bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní arúgbó kan ló fi òdòdó dẹ́rù bà mí."

"Òótọ́ ni wọ́n á sọ," ni Mavis wí, ó ń rọ tíì. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò.

Duncan yíjú sí i. "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

"Ta lo rò pé ó to ojú ọ̀run ọ̀hún? Doreen ò mọ̀ ọ́n tò. Ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀."

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú Duncan ti wá sí etí. Ó wo pákó, ó ka orúkọ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì.

"Ta ni Tadala?"

Ìbéèrè yìí ni Doreen ti ń dúró dè láti oṣù kẹrin. Ó ti to èsì rẹ̀ jọ lórí ibùsùn, nínú ọgbà adìyẹ, ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó yẹ kó máa gbàdúrà. Kò lo ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó na lẹ́tà sí i.

"Kà á sókè. Àwọn tó dìbò fún ẹ nìyí."

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ dúró ṣinṣin, ohùn ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ méjì tí ìyá náà fi rìn, ó fawọ́ díẹ̀. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn títì, ó dákẹ́, Doreen sì ní, "Ó kù," ó sì kà á tán. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò gbé ojú sókè kúrò lára ife tíì. Duncan ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún Doreen, ó wọ mọ́tò rẹ̀ láì kí ẹnikẹ́ni.

Ẹni bá rò pé àánú ṣe Doreen kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn bíi kí ènìyàn yọ ẹ̀gún tó ti pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó sun oorun àsùnwọra lọ́jọ́ náà, ohun tí kò rí ṣe láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àwọn mẹ́ta jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé Mavis: Mavis, Doreen àti Àlùfáà tí kò tíì bá Doreen sọ̀rọ̀. Wọ́n rí àwọn aṣòfin tí wọ́n ń dìde. Wọ́n rí Duncan. Ó jókòó títí ibi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì dìde, ó dá nìkan gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó kọ̀ ọ́. Àlùfáà Philippa di ọwọ́ Mavis mú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, àwọn tó fẹ́ gé e ṣì fi mẹ́sàn-án borí. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń ka ìròyìn sọ pé wọ́n ti gba ipò kékeré yẹn lọ́wọ́ Duncan Fearn.

"A ti pòfo," ni Àlùfáà wí. "Ó di oṣù kẹsàn-án tí ìwé òfin náà máa padà wá fún ìbò ìkẹyìn."

Mavis ń fa òwú kan lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Wọ́n ti yọ ọmọ mi."

"Mo gbọ́," ni Doreen wí.

"Inú rẹ dùn?"

"Díẹ̀."

"Èmi náà, díẹ̀. Ọlọ́run á bi mí." Ó já òwú náà. "Ṣé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí?"

Doreen rò ó. Ìyà ti jẹ ẹni tó yẹ kó jẹ. Ilẹ̀kùn Ilé Mwayi ṣì wà ní títì. Àwọn ìyá mìíràn ṣì wà lójú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, lónìí, nínú oòrùn.

"Rárá," ó ní. "Mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù wá lọ. Bí márùn-ún bá yí ẹsẹ̀ padà, ó tán."

"Doreen, ẹ jọ̀ọ́," ni Àlùfáà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Ó ti ń wo ẹnu Mavis.

Mavis dìde, ó mú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ lórí àpótí, ó ń ṣí i. "Ọ̀kan wà nínú wọn, Crispin Thwaite, òun ló dúró ti Duncan níbi ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún. Òkè Yorkshire lọ́hùn-ún ló ń gbé. Ẹlẹ́nu ṣáṣá ni, ó dà bíi tèmi."

"Wọ́n ń ṣe kànga lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀?"

"Rárá. Wọ́n máa ń ṣe ère alákìísà tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko. Gbogbo ilé ló ń gbé tirẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn lóṣù kẹjọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ bí ẹni tó bá wù wọ́n. Ènìyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó."

Doreen fa àga rẹ̀ súnmọ́ fóònù. "Irú aṣọ wo ni Crispin ọ̀hún máa ń wọ̀?"

Àlùfáà Philippa mú ife rẹ̀, ó mu tíì tó ti tutù, kò sì dìde kó lọ.

Mavis tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sétí. "Ẹ káàsán o, Ìyáàfin Thwaite. Mavis ni, ìyá Duncan. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ráyè díẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Rárá o, kì í ṣe tèmi. Tèmi ti gba tirẹ̀. Tiyín ni."